Lẹ́yìn Mítà: Wáyà Ilé, Iná Mànàmáná àti Rédíò Afìfẹ́ṣe ní Agbègbè Ìgbóbì

Bí àwọn onítàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa iná mànàmáná ní Èkó, ilé iṣẹ́ apèsè-iná ni wọ́n sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì máa ń parí rẹ̀ sí. Wọn yóò sọ pé ọdún 1896 ni ẹ̀rọ apèsè-iná àkọ́kọ́ dé ìlú náà. Pé ibùdó Ìjọrà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1923. Pé òfin ọdún 1950 ló bí àjọ Electricity Corporation of Nigeria, tí tẹrú tọmọ mọ̀ sí ECN. Pé wọ́n pa ECN pọ̀ mọ́ àjọ tó ń bójú tó ìdídò odò Ọya ní 1972, tí NEPA fi jáde. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ìtàn bẹ́ẹ̀ máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé, níbi tí mítà wà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mítà, nínú yàrá tí ènìyàn ń gbé, ni a kò tíì kọ tó.

Ẹ̀yìn mítà yìí ni àròkọ yìí fẹ́ wò. Ohun tí a ó fi ṣe dígí ìwòran ni rédíò afìfẹ́ṣe, èyí tí àwọn tó ń ṣe é kárí ayé ń pè ní hámù: ẹnì kan gba ìwé àṣẹ ìjọba, ó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sínú ilé ara rẹ̀, ó sì ń bá ẹni ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní ìlú mìíràn sọ̀rọ̀ láìgba owó. Kì í ṣe nítorí pé wọ́n pọ̀ ni a fi yàn wọ́n. Wọn kò pọ̀ ní Nàìjíríà rárá. Ìdí tí a fi yàn wọ́n ni pé kò sí ohun èlò inú ilé mìíràn tó ń tú àṣírí wáyà tí kò dára bíi rédíò tó ń fọhùn. Gílóòbù yóò kàn dín ìmọ́lẹ̀ kù, áyọ́ọ̀nù yóò kàn pẹ́ kó tó gbóná. Rédíò ní tirẹ̀ yóò dákẹ́, tàbí kí ohùn rẹ̀ máa gbọ̀n.

Ìgbóbì, láàrin Yábàá àti Ṣómólú, bá ìwádìí yìí mu. Ilé ẹ̀kọ́ Igbobi College ti wà níbẹ̀ láti 1932. Ilé ìwòsàn egungun bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé ìwòsàn ní 1945, lẹ́yìn tó ti jẹ́ ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́. CMS Grammar School kó wá sí Bàrígà ní 1959. Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, sì wà ní Àkọkà nítòsí. Ọgbà tí a wọ̀n tí a sì yà sọ́tọ̀ ni àwọn wọ̀nyí. Àwọn ilé tó yí wọn ká kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkọ̀ọ̀kan ló ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀, tó kọ́ ilé rẹ̀ bí agbára rẹ̀ ti mọ, tó sì wá oníná tí yóò ṣe wáyà rẹ̀. Ní èrò tèmi, ìyàtọ̀ láàrin ọgbà àti àdúgbò yìí wúlò fún ìtàn iná ju iye mẹ́gáwáàtì tí ibùdó kan ń pèsè lọ.

Àpótí tí kò nílò iná

Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà gbé ètò rédíò láti Lọ́ńdọ̀nù wọ inú ilé àwọn ará Èkó. Ní 1939, ó dé Ìbàdàn. Àpótí kékeré kan ni wọ́n máa ń kàn mọ́ ògiri. Ohun tí àwọn onítàn kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́ ni pé àpótí náà kò nílò iná mànàmáná nínú ilé. Wáyà tó gbé ohùn wá náà ló gbé agbára tí ohùn fi ń jáde wá. Ilé tó ń tan àtùpà elépo lè gbọ́ ìròyìn láti òkè òkun. Nígbà tí rédíò onígò dé, ó di dandan kí onílé ní iná, tàbí kó ra bátìrì oríṣi méjì, ọ̀kan fún gbígbóná gò inú rẹ̀, èkejì, tí fóltì rẹ̀ ga, fún iṣẹ́ gan-an. Ẹ̀yìn èyí ni rédíò tìràǹsísítọ̀ tó ń lo òkúta bátìrì kéékèèké wá tú àwọn ènìyàn sílẹ̀.

Àwọn Yorùbá pe àpótí náà ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ yìí jinlẹ̀ ju àwàdà lọ, nítorí ó sọ irú àjọṣe tó wà láàrin ìjọba amúnisìn àti ẹni tó ń gbọ́: ọ̀kan ń sọ, èkejì kò lè dáhùn. Rédíò afìfẹ́ṣe ni òdìkejì rẹ̀, torí pé èsì ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Kí a tó gba òmìnira, ZD2 ni àmì ìpè àwọn ibùdó bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn òmìnira ó di 5N, bó ṣe wà títí di òní. Ṣùgbọ́n èsì níye lórí. Ẹ̀rọ hámù tó wọ́pọ̀, tó ń gbé 100 wáàtì jáde, kì í gbà ju áńpíà kan tàbí méjì lọ nígbà tó bá ń gbọ́. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ó lè gba nǹkan bí áńpíà 20 sí 22, ní fóltì 13.8. Ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ fọhùn ni wáyà ilé rẹ̀ tó di ọ̀ràn.

Wáyà àti ẹni tó ń pín in

Ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ni ECN gbé wá: iná fóltì 230 sí 240, wáyà pupa fún láìfù, dúdú fún nútírà, ewéko fún áàtì, àwọ̀ igi àti búlúù ló ń rọ́pò àwọn méjì àkọ́kọ́ báyìí. Ilé ìdílé kan, tó ní mítà tirẹ̀, ni ìlànà yìí ní lọ́kàn. Ilé fésì-mí-n-fésì-ẹ ti Ṣómólú àti Bàrígà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yàrá mẹ́wàá lè wà lórí mítà kan, tí àwọn ayálégbé ń dá owó iná jọ, tí wọ́n sì ń ka gílóòbù, fẹ́ẹ̀nì àti fìríìjì ara wọn. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fà fún gílóòbù kan ni wọ́n á tún fa sọ́kẹ́ẹ̀tì sí lára, wọ́n á sì fa òmíràn sí lára ìyẹn. Bí fíúùsì bá jó, wọ́n á fi ẹyọ wáyà lásán dè é. Fíúùsì tí kò lè jó mọ́ ti sọ gbogbo wáyà inú ògiri di fíúùsì; bí iná ṣe ń ran ilé nìyẹn.

Oníhámù tó bá gbé yàrá kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń jẹ iná jù. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀: áńpíà 22 ní fóltì 13.8 jẹ́ nǹkan bí 304 wáàtì. Bí a bá fi òfò inú ẹ̀rọ kún un, kò tó áńpíà méjì lórí iná ilé, nígbà tí áyọ́ọ̀nù onígba 1,000 wáàtì ń gba ju mẹ́rin lọ. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni iná tí kò dúró sójú kan. Nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan iná nírọ̀lẹ́, ohun tó ń dé ilé a máa wálẹ̀ débi tí àwọn ènìyàn ń pè é ní háàfù kọ́rẹ́ńtì. Bí féèsì kan bá lọ, wọ́n á yí sí òmíràn, èyí tó tún ń di ẹrù ru féèsì tó kù. Bí nútírà bá já ní ìta, fóltì nínú ilé kan lè ga kọjá ààlà, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ló sì ti bá a lọ.

Ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe ní 1964 ló dúró níwájú olú ilé iṣẹ́ ECN ní Marina. Ọmọ Onitsha ni Enwonwu, ṣùgbọ́n ó yé e ohun tí orúkọ náà, iná mànàmáná, ti sọ tẹ́lẹ̀: ohun tó ń wọ ilé yìí àti ohun tó ń kọ lójú ọ̀run, ọ̀kan náà ni. Ẹni tó fa wáyà eriali sókè òrùlé ní Bàrígà kò gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀ ní àsìkò òjò. Ó ní láti yọ okùn náà kúrò lára ẹ̀rọ kí ojú ọjọ́ tó ṣú, kó sì ní irin áàtì tó wọlẹ̀ dáadáa. Èédú àti iyọ̀ ni àwọn oníná máa ń dà sí ihò irin náà kí ilẹ̀ lè gba iná dáadáa. Ọgbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́, àmọ́ iyọ̀ a máa jẹ irin, òjò a sì máa fọ iyọ̀ lọ, nítorí náà ó yẹ kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ àgbàlá Ṣómólú ni wọ́n ti fi kọnkéré bò pátápátá, tí kò sí ibi tí irin yóò gbà wọlẹ̀. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ojú kẹta sọ́kẹ́ẹ̀tì wà fún ẹwà lásán.

Bátìrì láàrin

Kí ló dé tó fi jẹ́ fóltì 13.8? Ìwọ̀n tí bátìrì ọkọ̀ máa ń wà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, inú ọkọ̀ sì ni wọ́n ti rò pé irú ẹ̀rọ yìí yóò ti ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí oníhámù fi lè gbé bátìrì sí àárín: iná ìjọba ń gba agbára sí bátìrì nígbàkígbà tó bá wà, rédíò sì ń mu láti ara bátìrì, kò mọ̀ bóyá NEPA mú iná lọ tàbí kò mú un. Bátìrì 100 áńpíà-wákàtí tí a kò lò kọjá ìdajì, fún ẹni tó ń fi ìdá kan nínú márùn-ún àkókò rẹ̀ sọ̀rọ̀, lè gbé e fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án.

Wáyà ló kù. Bí bátìrì bá wà ní mítà márùn-ún sí rédíò, tí a sì fi wáyà 2.5 tí a ń lò fún sọ́kẹ́ẹ̀tì so wọ́n, lílọ àti bíbọ̀ jẹ́ mítà mẹ́wàá, fóltì 1.6 yóò sì sọnù lójú ọ̀nà nígbà tí áńpíà 22 bá ń kọjá. Kò jọ nǹkan lórí 240, ṣùgbọ́n lórí 13.8 ó tó láti pa rédíò lẹ́nu mọ́. Bí wáyà bá jẹ́ 10, òfò náà kò ju 0.4 lọ. Oníná tó mọ wáyà ilé dunjú lè má mọ èyí, torí fóltì gíga ló fi kọ́ṣẹ́.

Ohun kan wà tí kò sí nínú ìtàn ìjìyà tí a máa ń sọ nípa NEPA. Ariwo inú rédíò, láti ara gílóòbù tuntun, ṣájà fóònù àti ínfátà olówó pọ́ọ́kú, a máa bo ohùn tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Bí iná bá lọ ní gbogbo òpópónà, ariwo yẹn lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó ní bátìrì yóò gbọ́ ohun tí kò gbọ́ ní wákàtí tó ṣáájú, títí amúnáwá kékeré, tí a fi ń yangàn sí aládùúgbò, yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí dún, tí iná púlọ́ọ̀gì rẹ̀ tún dá ariwo mìíràn sílẹ̀, tí gáàsì olóró tí kò ní òórùn inú èéfín rẹ̀ sì ń wọ fèrèsé.

Ohun tí oníhámù ń ṣe nípá ni gbogbo àdúgbò wá ń ṣe báyìí. NEPA di PHCN ní 2005. Ní oṣù Kọkànlá 2013 ni àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni gba pínpín iná, Ṣómólú sì bọ́ sọ́wọ́ Ikeja Electric. Ní oṣù Karùn-ún 2023 ni owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiró kúrò, tí lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 dé nǹkan bí ₦500. Ní oṣù Kẹrin 2024, iye iná fún àwọn tó wà ní Band A, tí a ṣèlérí wákàtí 20 lóòjọ́ fún, di ₦225 fún yúnìtì kan. Láti ìgbà náà ni bátìrì, ínfátà àti pánẹ́ẹ̀lì oòrùn ti di ọ̀rọ̀ ilé lásán, àní láàrin àwọn atẹ̀wé Ṣómólú tí amúnáwá ti gbé títí. Ọ̀pọ̀ nínú ínfátà wọ̀nyí ni wọ́n so mọ́ àwọn wáyà tí ilé ti ní láti ayé ECN, nútírà tiwọn sì dàpọ̀ mọ́ ti ìta. Ẹni tó gun òpó lọ tún wáyà ṣe nígbà tí iná ìjọba kò sí lè pàdé iná tó ń ti inú ilé ẹnì kan bọ̀.