Níbo ni Oògùn Ti Ń Jẹ́? Ìtàn Oògùn Apakòkòrò-Àrùn nínú Iṣẹ́ Abẹ Ọkàn



Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé onímọ̀ lítíréṣọ̀ dìde láti sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ abẹ ọkàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni ó gbé mi dé ibẹ̀, òun náà ni "jẹ́". Bí Yorùbá bá já ewé, tí ó sì wúre sí i pé kí ó jẹ́, ohun tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ewé náà dáhùn, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti í jẹ́ ìpè. Pípọ̀ ewé kọ́ ni jíjẹ́ rẹ̀. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ ni ti bí àwọn oníṣègùn ayé òde òní ṣe rìn jìnnà kí wọ́n tó béèrè ìbéèrè yìí dé gbòǹgbò: oògùn tí a fún aláìsàn, ṣé ó dé ibi tí iṣẹ́ wà, ṣé ó sì dé ibẹ̀ lásìkò?

Ní Ọjà Àlàbá, tí kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí, mo ti dúró ti àwọn ọ̀gá tí ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Wọn kì í fi mítà wọn wo sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri nìkan. Wọn a ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ, wọn a fi ẹnu mítà kan ibí, kan ọ̀hún, títí wọn yóò fi mọ ibi tí iná kò dé. Iná tí ó wọ ilé lè pé pérépéré, kí ẹ̀rọ má sì fọhùn. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ yìí sọ́kàn.

Ní 1928 ni Alexander Fleming ṣàkíyèsí ní ilé ìwòsàn St Mary's, Lọ́ńdọ̀nù, pé ohun bíbu kan, irú èyí tí í hù lára búrẹ́dì tí ó ti pẹ́, ń pa kòkòrò àrùn. Howard Florey, Ernst Chain àti Norman Heatley ni wọ́n sọ ọ́ di oògùn ní Oxford. Ní oṣù Èrèlè 1941, wọ́n fi tọ́jú ọlọ́pàá kan, Albert Alexander, tí àrùn ti ba ojú àti orí rẹ̀ jẹ́. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ṣùgbọ́n pẹnisílínì kì í pẹ́ nínú ara; kíndìnrín a máa tètè dà á sínú ìtọ̀. Oògùn náà ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń yọ ọ́ padà láti inú ìtọ̀ aláìsàn kí wọ́n lè tún un fún un. Síbẹ̀ ó tán. Àrùn padà, ọkùnrin náà sì kú ní ọjọ́ 15 oṣù Ẹrẹ́nà. Oògùn náà jẹ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó lójú ogun.

Heatley yìí kan náà ni ó ṣe ohun tí mo lè pè ní mítà oògùn. A ó tẹ́ kòkòrò sínú àwo, a ó gbé ife tín-ń-tín tí oògùn wà nínú rẹ̀ lé e, a ó sì wọn bí àyíká tí kòkòrò kò ti lè hù ṣe fẹ̀ tó.

Ẹ̀kọ́ kejì jẹ́ ti àsìkò. Ní Boston, ní 1961, John Burke fi àwọn ẹranko kékeré kan tí ó jọ ẹmọ́ ṣe ìwádìí. Nígbà tí oògùn ti wà nínú ara kí kòkòrò tó wọlé, ó borí. Bí a bá dúró di wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn tí kòkòrò wọlé, bí ìgbà tí a kò fún ẹranko náà ní nǹkan kan ni. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ibi tí ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí ti le jù ni iṣẹ́ abẹ ọkàn. Ní 1953 ni John Gibbon lo ẹ̀rọ tí ń ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ní Philadelphia. Ní 1967, René Favaloro bẹ̀rẹ̀ ní Cleveland sí í fi iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ la ọ̀nà tuntun fún ẹ̀jẹ̀ láti yí ibi tí ó dí lára ọkàn ká. Ní orílẹ̀-èdè wa, Enugu ni a ti kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn, ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Nàìjíríà, ní 1974, nígbà tí Fabian Udekwu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ikọ̀ Magdi Yacoub ṣiṣẹ́ pọ̀.

Omi tí a fi ń kún ẹ̀rọ yìí lè ju lítà kan lọ, ó sì ń la oògùn inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dà nù ń gbé oògùn lọ. Òtútù tí a fi ń mú ara ń dẹ iṣẹ́ kíndìnrín. Bí a bá sì gba iṣan ẹ̀yìn egungun àyà lò, ẹ̀jẹ̀ tí ń dé egungun náà ní ìhà yẹn yóò dínkù, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ gan-an ni àrùn ti lè gbẹ̀mí. Nítorí náà ni àwọn olùwádìí kò ṣe fi wíwọn oògùn nínú ẹ̀jẹ̀ mọ. Wọ́n ń yẹ ọ̀rá, ẹran ara àti egungun wò. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń fi ọ̀pá tín-ínrín kan sínú ẹran ara láti mọ iye tí ó dé ibẹ̀. Irú ìwádìí báyìí ló fi ẹsẹ̀ àṣà òní múlẹ̀: cefazolin, ọmọ ìdílé oògùn tí Giuseppe Brotzu rí orísun rẹ̀ nínú omi ìdọ̀tí Cagliari ní 1945, ni a ń fún aláìsàn láàárín wákàtí kan kí ọ̀bẹ tó kan ara, a sì ń tún un fún un bí iṣẹ́ bá tó wákàtí mẹ́rin.

Kí ni èyí kàn wá? Ní ọ̀pọ̀ ọjà wa ni a ti ń ta kápúsù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èmi náà ti ra méjì rí nítorí eéwo, mo sì rò pé ọgbọ́n ni mo ṣe. Fleming ti kìlọ̀ ní Stockholm ní 1945 pé ẹni tí ó bá lo oògùn díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ lè sọ kòkòrò di alágídí tí oògùn kò ràn mọ́. Iye tí mo gbé mì lè máà tó láti pa kòkòrò, kí ó sì tó láti kọ́ wọn ní ìjà. Irú kòkòrò tí a ti kọ́ níjà báyìí ni oníṣẹ́ abẹ lè bá pàdé lára aláìsàn, kí cefazolin tí ó wọ̀n gẹ́gẹ́ bí ó ti tọ́ má sì jẹ́ mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí wọ́n bá na kápúsù sí wa lọ́jà, ẹ má ṣe jẹ́ kí a béèrè iye owó rẹ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ kí a lọ bi oníṣègùn pé: níbo ni yóò ti jẹ́, ọjọ́ mélòó ni a ó sì fi lò ó?