Ọjọ́ Tó Ṣáájú Practical

Ìbàdàn ni, lọ́nà Mọ́níyà. Ó ku ọ̀la kí àwọn ọmọ SS3 ilé ẹ̀kọ́ kan ṣe practical kẹ́mísìrì WAEC. Látinú ìwé rọ́ọ̀fù wọn, fóònù wọn àti ẹnu wọn ni mo ti ṣa ọjọ́ náà jọ. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Aago márùn-ún àárọ̀
Kò síná. Ọmọkùnrin kan fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ìbéèrè àtijọ́. A jẹ́ hydrochloric acid. B jẹ́ sodium carbonate, 0.05 mol/dm³. 24.50 cm³ A ló pàdé 25.00 cm³ B. Kí ni concentration A? Ó ṣe é títí, 0.051 ló ń rí. Ẹ̀yìn ìwé ní 0.102. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp kíláàsì: "Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin èèyàn mi."

Aago mẹ́fà ààbọ̀
Ẹni mẹ́ta ti dáhùn. Àwọn náà rí 0.051. Wọ́n bá fẹnu kò pé ìwé ló ṣì í.

Aago mẹ́sàn-án
Tíṣà mátíìsì ò tíì dé. Ọmọ ìyá oníbúrẹ́dì, tí kò ní fóònù, tí kò sì mọ̀ pé wọ́n ti dá ìwé lẹ́bi, gba rọ́ọ̀fù lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà. Kò fọwọ́ kan ìṣirò rárá. Ó ní kó kọ equation sílẹ̀ ná: 2HCl + Na₂CO₃ → 2NaCl + H₂O + CO₂.

"Kí ló wà níwájú HCl?"

"Méjì."

"Iwájú carbonate ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ta ló ní kò sí? Ọ̀kan ni. Wọn kì í kọ ọ̀kan."

Ó kó ìdérí báírò jọ sórí tábìlì. Búlúù ni ásíìdì, pupa ni carbonate. Búlúù méjì ló gbọ́dọ̀ lọ kí pupa kan tó kúrò nílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọmọkùnrin náà rí i pé ọ̀kan sí ọ̀kan lòun ti ń kà wọ́n láti ìdájí.

"Ó yé mi! Kí n ṣáà máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì."

Ọmọbìnrin náà gbá a lọ́wọ́. "Rárá o! Tó bá jẹ́ NaOH ni wọ́n gbé fún ẹ lọ́la ńkọ́? Ọ̀kan sí ọ̀kan nìyẹn. Equation ni kó o kọ́kọ́ bi."

Mo ti gbọ́ àlàyé mole ratio lẹ́nu àwọn àgbà tíṣà, mi ò sì rò pé èyíkéyìí dára ju gbólóhùn yẹn lọ. Ẹni tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ṣì ń rántí ibi tó ti rú u lójú.

Aago mọ́kànlá
Burette inú lab ò kárí, ẹni mẹ́rin-mẹ́rin ló ń pín ọ̀kan. Ní tábìlì iwájú, rough jẹ́ 25.10, èyí tó tẹ̀ lé e 24.40, ìkẹta 24.60. Ọmọ tí gbogbo kíláàsì gbà pé ó mọ̀wé jù ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó pín in sí mẹ́ta, ó kọ 24.70. Kó tó di aago méjìlá, tábìlì mẹ́ta mìíràn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Bí ìmọ̀ ṣe ń ràn láàárín ọ̀rẹ́ ni àṣìṣe ń ràn, àṣìṣe tiẹ̀ yá lẹ́sẹ̀ jù, torí kò sẹ́ni tó ń bi ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé níbo lo ti rí i.

Aago kan ọ̀sán
Tíṣà kẹ́mísìrì wọlé, báírò pupa lọ́wọ́. "Rough la fi ń mọ ibi tí àwọ̀ á ti yí. Kì í bá wọn wọ ìṣirò." 24.40 àti 24.60 nìkan ló jẹ́ kí wọ́n lò, ìyẹn 24.50. Ó tún yọ fọ́nẹ̀lì tí ẹnì kan gbàgbé sórí burette, kò sọ̀rọ̀, ó kàn gbé e han gbogbo wọn.

Aago mẹ́ta
Wọ́n ti ti lab. Lẹ́bàá géètì, ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ṣe salt analysis.

"Mo kán NaOH sí i díẹ̀."

"Precipitate funfun, bíi jẹ́lì."

"Mo dà á sí i kó pọ̀."

"Ó yọ́. Zinc ni!"

"Kí ló dé tí kì í ṣe aluminium?"

Gbogbo wọn dákẹ́. Ẹnì kan rántí pé ammonia ló ń yà wọ́n: tó bá pọ̀, ti zinc á tún yọ́, ti aluminium á takú. Wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ sí i: "Zinc á yọ́, aluminium á takú!" Ẹni tó pe omi tí kò láwọ̀ ní "clear" jẹ yẹ̀yẹ́ tiẹ̀: omi copper sulphate náà mọ́ gaara, ṣé kò wá ní àwọ̀ ni? "Colourless" ni kó o kọ.

Aago mẹ́jọ alẹ́
Ẹnì kan ju expo sórí WhatsApp, owó ló ń béèrè. Admin yọ ọ́ dànù.

Aago mẹ́wàá kọjá
Ọmọ ìyá oníbúrẹ́dì ti gba fóònù ìyá rẹ̀. Ó béèrè pé ká ní phenolphthalein ni wọ́n fi ṣe carbonate yẹn dípò methyl orange ńkọ́? Ni ariwo bá sọ. Àwọn kan ní kò sí ìyàtọ̀, àwọn kan ní wọn ò lè béèrè irú ẹ̀ láé. Bùrọ̀dá ẹnì kan tó wà ní Poly Ìbàdàn ló parí ìjà: pink á ti lọ nígbà tí carbonate bá di hydrogencarbonate, ìdajì ọ̀nà sì nìyẹn. Nǹkan bíi 12.25 ni wọ́n máa kà lára burette.

"Bùrọ̀dá, ẹ ṣeun o. Kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé?"

"Ó wà níbẹ̀. Ojú ewé tẹ́ ẹ fi di ẹ̀pà ni."