Ọjọ́ Ògún Èwo? Ìtàn Òǹkà Ọdún Nínú Ẹ̀rọ Ayára-bí-Àṣá

Àwọn àgbà Yorùbá a máa wí pé, ‘Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dÍfá lọ́rọọrún.’ Ọgbọ́n méjì ni ó wà nínú òwe yìí. Èkíní ni pé ayé kì í dúró sójú kan. Èkejì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyèsí, ni pé àwọn baba ńlá wa mọ òǹkà tí í máa yípo. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ọ̀sẹ̀ àbáláyé: ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta àti ọjọ́ Ọ̀ṣẹ̀. Nítorí pé a máa ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn ni ìpadàbọ̀ rẹ̀ fi ń jẹ́ ọrún. Bí onígbèsè bá wí pé ọjọ́ Ògún ni òun yóò sanwó, olówó kò ní í ṣàì béèrè pé, ‘Ọjọ́ Ògún èwo?’

Ìbéèrè kúkúrú yìí gan-an ni àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ètò iṣẹ́ fún ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní kọ̀ǹpútà, fi sílẹ̀ láì dáhùn. Ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde mì gbogbo àgbáyé tìtì ní òpin ọ̀rúndún tí ó kọjá. Òmíràn tí ó jọ ọ́ sì tún ń bọ̀ lọ́nà.

Bí ọdún ṣe di gígé

Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, àyè ìpamọ́ ọ̀rọ̀ nínú kọ̀ǹpútà wọ́n bí ojú. Káàdì tí a lu ihò sí ni a fi ń gbé ọ̀rọ̀ fún ẹ̀rọ, àyè 80 péré ni ó sì wà lórí káàdì tí ó wọ́pọ̀ jù lọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé ẹ̀rọ rẹ̀ tí ń jẹ́ 1401 jáde ní ọdún 1959, èyí tí ó kéré jù nínú irú rẹ̀ kò lè gbà ju lẹ́tà àti nọ́ńbà 1,400 lọ. Ìyẹn kò tó ojú-ewé kan nínú ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kà. Nítorí náà, àwọn tí ń kọ ìlànà fún ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọdún kúrú. Wọ́n kọ 1964 ní 64, wọ́n sì fi 19 iwájú rẹ̀ sílẹ̀ fún ìmọ̀ inú. Àyè méjì tí wọ́n fi pamọ́ lórí ọjọ́ kan kò jọjú, ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ di ọ̀nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ, owó ńlá ni.

Kò yẹ kí a pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní òmùgọ̀. Bí àwa náà ṣe ń kọ déètì sára ìwé nìyẹn. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n rò pé ohun tí wọ́n ń ṣe kò ní í pẹ́ láyé. Wọn kò mọ̀ pé iṣẹ́ tí ó bá dára kì í tètè kú. Ńṣe ni àwọn tí ó dé lẹ́yìn a máa kọ́ tiwọn lé e lórí. Bob Bemer, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú iṣẹ́ yìí, kọ ìkìlọ̀ jáde ní ọdún 1971, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó fetí sí i.

Bí aburú náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Bí a bá bí ènìyàn ní 65, tí ẹ̀rọ sì fẹ́ mọ ọjọ́ orí rẹ̀ ní 99, yóò yọ 65 kúrò nínú 99, yóò sì rí 34. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 00 ni ẹ̀rọ ní lọ́wọ́. Bí ó bá yọ 65 kúrò nínú òdo, ẹni ọdún 35 yóò di ẹni tí ó ku ọdún 65 kí a tó bí i. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò ṣe rí pẹ̀lú èlé owó, owó ìfẹ̀yìntì àti ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́.

Òru ọdún 2000

Àmì ti ń yọ kí ọjọ́ náà tó pé. Ní ọdún 1992, ní ìlú Winona ní ìpínlẹ̀ Minnesota, a fi ìwé ránṣẹ́ pe ìyá arúgbó ẹni ọdún 104 kan pé kí ó wá bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, nítorí pé 88 ni ẹ̀rọ rí gẹ́gẹ́ bí ọdún ìbí rẹ̀. Àwọn ènìyàn fi èyí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1998, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 100 pàdé ní Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ní New York lórí ọ̀rọ̀ yìí kan ṣoṣo. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí Gartner fojú díwọ̀n pé àtúnṣe náà yóò ná gbogbo ayé ní 300 sí 600 bílíọ̀nù dọ́là.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kìíní ọdún 2000 mọ́, ọkọ̀ òfuurufú kò já lulẹ̀, iná kò sì kú káàkiri ayé. Àwọn kan wí lójú ẹsẹ̀ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé àwọn onímọ̀ kàn fẹ́ jẹun ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wí bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé pé àìtètè mólè ni olè fi ń mú olóko. Olóko tí ó ṣọ́ oko rẹ̀ mọ́jú, tí olè kò sì wá, kò lè fi olè hàn ẹnikẹ́ni ní òwúrọ̀. Ìyẹn kò wí pé ìṣọ́ rẹ̀ jẹ́ asán.

Síbẹ̀, ẹ̀rí wà níbi tí ìṣọ́ kò dé. Ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ tí ń fi ọjọ́ orí aláboyún ṣírò bóyá oyún rẹ̀ wà nínú ewu àbùkù kan ṣi ọjọ́ orí kà fún oṣù mélòó kan ní ọdún 2000. Àwọn obìnrin tí ó lé ní 150 ni a fún ní èsì tí kò tọ́. Kò sí ariwo, kò sí iná tí ó ṣẹ́. Ẹ̀rọ kàn ń parọ́ jẹ́jẹ́ ni, àwọn ènìyàn sì ń gbà á gbọ́. Irú ìkùnà báyìí ni ó yẹ kí a bẹ̀rù jù.

Nàìjíríà àti agbègbè Ọ̀jọ́

Kọ̀ǹpútà wọ Nàìjíríà ní ọdún 1963, nítorí ìṣirò ètò ìkànìyàn ìgbà náà. Títí di ọdún 1999, àwọn tí iṣẹ́ wọn so mọ́ ọn kò pọ̀. Inú ìwé àkọsílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń kọ owó oṣù sí, inú fáìlì ni ọjọ́ ìbí òṣìṣẹ́ wà. Ìdí nìyẹn tí òru ọdún 2000 fi rọrùn fún wa: ewu ń wá ẹ̀rọ kiri, ìwé ni ó bá.

Ààbò yẹn kò sí mọ́, àgbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò sì jẹ́ ẹlẹ́rìí sí i. Ilẹ̀ Àwórì ni ibí yìí. Nígbà ìjọba Lateef Jakande, láti 1979 sí 1983, ni a kọ́ àwọn ilé ìjọba sí Ìbà, nígbà náà ni a sì fi òfin dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1983, tí ọgbà rẹ̀ àgbà wà ní Ọ̀jọ́. Ní Ọ̀jọ́ kan náà ni ọjà Alábà wà, níbi tí a ti ń ta rédíò, tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà àti gbogbo ohun tí ń lo iná. Lọ́dún 2001, fóònù alágbèéká GSM dé. Lọ́dún 2014, àwọn ilé-ìfowópamọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún oníbàárà ní nọ́ńbà BVN. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọmọ tí ó fẹ́ wọ yunifásítì ti ń ṣe ìdánwò JAMB. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2, káàdì Cowry sì ni èrò fi ń sanwó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ètò náà, Òkókómáíkò ni a ti pinnu pé ojú irin yìí yóò parí sí.

Ọ̀nà míràn tún wà tí ọ̀ràn yìí fi kan Ọ̀jọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ó dé Alábà ni òyìnbó ti lò gbó. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ṣe ìwádìí ní Èkó, wọ́n sì ròyìn pé bí 500 àpótí ńlá ọkọ̀ òkun tí ó kún fún irú ẹrù báyìí ni ó ń wọlé lóṣooṣù, àti pé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ni àtúnṣe wọn kò lérè. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Alábà a máa jí òkú ẹ̀rọ dìde, ọgbọ́n wọn sì yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n oníbàárà a máa béèrè iye owó rẹ̀, a máa béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Kì í béèrè ọdún tí òǹkà inú rẹ̀ yóò dé òpin.

Ọjọ́ 19, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2038

Àwọn tí ó ṣe ètò Unix ní ilé-iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà gba ọ̀nà míràn. Wọn kò gé ọdún. Wọ́n ń ka ìṣẹ́jú-àáyá. Ọ̀gànjọ́ òru tí ó bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ kìíní ọdún 1970 ni a fi ṣe òdo, nígbà tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ó parí. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ ti ń ka ọ̀kan-kò-jọ̀kan lọ láì sinmi.

Ẹni tí ó bá mọ Ifá yóò tètè lóye ibi tí wàhálà wà. Babaláwo a máa tẹ àmì mẹ́jọ sórí ìyẹ̀rosùn, àmì kọ̀ọ̀kan sì lè jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì. Ohun tí àmì mẹ́jọ lè fún wa ni Odù 256. Kò sí ìkẹtàdínlọ́gọ́ta-lé-nígba. Ẹ̀rọ náà a máa tẹ àmì tirẹ̀, òdo tàbí oókan. Ojú àmì 32 ni a fún òǹkà yìí, a sì fi ọ̀kan nínú wọn mọ ìgbà tí ó ṣáájú 1970 yàtọ̀. Nítorí náà, òǹkà tí ó ga jù tí ó lè dé ni 2,147,483,647. Yóò dé ibẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 19, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2038, ní aago mẹ́rin ìdájí kọjá ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú-àáyá 7 ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ tí a kò bá tún ṣe yóò fò padà sí oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1901, ọdún tí ojú irin láti Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn, tí a kò tíì da Gúúsù àti Àríwá pọ̀ di Nàìjíríà.

Kò yẹ kí a rò pé ó di ọjọ́ náà kí ewu tó dé. Ẹ̀rọ tí ń ṣírò ọjọ́ iwájú yóò kọsẹ̀ ṣáájú. Gẹ́gẹ́ bí òfin tí Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lù ní 2022, olùkọ́ yóò fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọdún 65 tàbí lẹ́yìn ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Olùkọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2000 yóò fẹ̀yìn tì ní 2040. Bí a bá ní kí ẹ̀rọ aláàmì 32 ṣírò ọjọ́ náà lónìí, ó lè dáhùn pé ọdún 1904 ni ó ti fẹ̀yìn tì. Ta ni yóò lọ rojọ́ fún ẹ̀rọ pé òun kò tíì dáyé nígbà náà?

Oògùn rẹ̀ ti wà. Bí a bá fún òǹkà náà ní ojú àmì 64, kò ní í kún fún nǹkan bí bílíọ̀nù 292 ọdún. Àwọn tí ń tọ́jú ètò Linux, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ ayé ń lò, parí iṣẹ́ ńlá lórí èyí ní ọdún 2020 fún àwọn ẹ̀rọ aláàmì 32. Kọ̀ǹpútà tuntun àti fóònù tuntun kò sì ní wàhálà púpọ̀. Ibi tí ìṣòro fìdí sí ni inú ẹ̀rọ kéékèèké tí ojú kì í rí, tí a fi sínú ẹ̀rọ ilé-ìwòsàn, ẹ̀rọ iná àti ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́, tí kò sí ẹni tí yóò rántí tún wọn ṣe, àti inú àkọsílẹ̀ àtijọ́ tí a ń gbé láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ ni

Òǹkà tí ń yípo kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin yípo títí, kò sì ba ọjà jẹ́, nítorí pé ènìyàn tí ó mọ̀ pé ó ń yípo ni ó ń kà á. Ewu ni òǹkà tí ó yípo láì mọ̀, tí ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e kò sì mọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí olùkọ́ kọ́ ọmọ láti kọ ọdún ní pípé, kí ọ́fíìsì tọ́jú ìwé tí a ti kọ ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ìgbanisíṣẹ́ sí, kí ẹni tí ń ra ẹ̀rọ fún iléèwé tàbí ilé-ìwòsàn sì béèrè bí ó ti ń ka ọjọ́ kí ó tó sanwó.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọ yunifásítì ní Ọ̀jọ́ ní ọdún 2024 ní ọmọ ogún ọdún yóò jẹ́ ẹni ọdún 34 ní 2038. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò jókòó sí ọ́fíìsì, sí ilé-ìfowópamọ́ àti sí ilé-ìwòsàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Bó pẹ́ bó yá, ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tètè béèrè pé ‘Ọjọ́ Ògún èwo?’ kò ní í bá àbámọ̀ jókòó.