Ọmọ Ẹ̀yìn Ọkọ̀ ní Láfẹ́nwá

Nígbà tí a kọ́ṣẹ́ awakọ̀ ní Láfẹ́nwá, Abẹ́òkúta, ẹ̀yìn bọ́lẹ̀kájà, ọkọ̀ onígi ayé àtijọ́, ni iléèwé wa. Igi tí a fi ń há táyà ni ọ̀gá kọ́kọ́ ń fi léni lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ elẹ́rù bá kọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Abẹ́òkúta, o gbọ́dọ̀ ti bẹ́ sílẹ̀, kí o ti igi bọ ẹ̀yìn táyà kó tó yí padà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí o fọwọ́ kan sítíárìn.

Orí òkè náà ni ìdánwò VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ àti awakọ̀ wò, ti ń bani lẹ́rù: wọ́n á ní kí o dúró, kí o tún gbéra láìjẹ́ kí ọkọ̀ fà sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ tí kò mọ kulọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ ti ń tú.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, 1972, ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì, kó máa gba apá ọ̀tún. Háà! Àwọn ọ̀gá àgbà padà di ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Sítíárìn ọkọ̀ àtijọ́ ṣì wà lápá ọ̀tún, nítorí náà ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń yọrí wo iwájú kí ọ̀gá tó ya ọkọ̀ tó wà níwájú sílẹ̀.

Nígbà tó yá, FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, dé; Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta, ló kọ́kọ́ ṣe alága rẹ̀ ní 1988. Lónìí, iléèwé awakọ̀ ṣáájú, VIO tẹ̀ lé e, kí láísẹ́ńsì tó jáde. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ta ló ń kọ́ àwọn awakọ̀ tuntun láti fetí gbọ́ ẹ́ńjìnnì?