Àrùn Awọ àti Iṣan: Bí Ó Ṣe Ń Wọ Inú Ẹ̀dọ̀fóró

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òwe yìí bá ìtàn àrùn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní dermatomyositis mu. Ní ọdún 1863, Ernst Wagner, oníṣègùn ní ìlú Leipzig ní ilẹ̀ Jámánì, kọ̀wé nípa àrùn iṣan kan tí ó ṣọ̀wọ́n. Ní 1891, Heinrich Unverricht, tí òun náà jẹ́ ará Jámánì, fún àrùn náà ní orúkọ tí ó so awọ àti iṣan pọ̀. Orúkọ náà kò mẹ́nu kan ẹ̀dọ̀fóró rárá.

Nínú àrùn yìí, àwọn ọmọ-ogun ara, tí ó yẹ kí wọ́n máa lé kòkòrò àìsàn, a kọjú ìjà sí ara fúnra rẹ̀. Ipénpéjú a ní àwọ̀ elésè-àlùkò. Àtidìde lórí ìjókòó a di iṣẹ́ ńlá. Ní 1956 ni Mills àti Mathews ròyìn, nínú ìwé àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà, pé ẹ̀dọ̀fóró pẹ̀lú lè wú nínú àrùn yìí. Bí ó bá pẹ́, ẹ̀dọ̀fóró a le, èémí a sì ṣòro í mí.

Ní 1980, Nishikai àti Reichlin ṣàpèjúwe èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, Jo-1 ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní in ni ẹ̀dọ̀fóró ń yọ lẹ́nu. Ní 2005, Sato àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan rí òmíràn lára àwọn tí awọ wọn ń ṣàìsàn ṣùgbọ́n tí iṣan wọn kò rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró irú wọn lè bàjẹ́ kíákíá. Nígbà mìíràn, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n jù, afẹ́fẹ́ a jò jáde láti inú ẹ̀dọ̀fóró, a sì kóra jọ yí ọkàn ká.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí kì í ṣe ti àwọn aláwọ̀ funfun nìkan. Lára aláwọ̀ dúdú, àwọ̀ ipénpéjú náà ṣòro í rí, nítorí náà àrùn lè rìn jìnnà kí a tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí iṣan rẹ̀ ṣì lágbára kò tíì bọ́ nínú ewu. Bí ó bá ń wúkọ́, tí ó sì ń mí gúlegúle, ẹ̀dọ̀fóró ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.