Ìrẹ́, Ọ̀nà àti Kẹ̀kẹ́: Bí Adárìn Ṣe Ń Múra Ìrìn-Àjò ní Igbó Ìjẹ̀bú

Kí ọdún 1892 tó dé, ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá kì í dá nìkan gbéra. Oníbodè wà lójú ọ̀nà, wọ́n ń gba owó ẹrù, wọ́n sì ń dá àlejò tí kò lẹ́ni padà. Ọ̀nà tó ti Ìbàdàn wá, tó gba Màmù já sí Orù lẹ́bàá Àgọ́-Ìwòyè, ọ̀nà ọrọ̀ ni, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú kò fẹ́ kí oníṣòwò òkè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tọ̀ ọ́ dé etí ọ̀sà. Èrè tó wà láàárín Èkó àti òkè, ọwọ́ wọn ló ń gbà kọjá. Nítorí náà, ènìyàn ni arìnrìn-àjò fi ń múra nígbà náà: ọ̀wọ́ oníṣòwò tí yóò bá rìn, onílé tí yóò wọ̀ sí, àti ẹni ńlá tí orúkọ rẹ̀ yóò yọ ọ́ lọ́wọ́ oníbodè.

Oṣù Karùn-ún ọdún 1892 ló yí gbogbo ìyẹn padà. Gómìnà Carter ti Èkó ní dandan ni kí ọ̀nà ṣí. Òun àti Awùjalẹ̀ Túnwàṣe kò fẹnu kò, ọ̀rọ̀ sì di ogun. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott kó ọmọ ogun gba Ẹ̀pẹ́ wọlé, wọ́n jà ní Ìmàgbọ̀n lódò Yemọjí, ìbọn Maxim sì pa ọmọ Ìjẹ̀bú lọ rẹpẹtẹ. Nígbà tó fi di ogúnjọ́ oṣù náà, òyìnbó ti wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn kan ń pe èyí ní ṣíṣí ọ̀nà. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń pè é bẹ́ẹ̀ máa rántí ẹ̀mí tó bá a lọ. Síbẹ̀, láti ìgbà náà ni ẹnì kan ṣoṣo ti lè gbéra ní Ìbàdàn, kí ó la Ìjẹ̀bú já dé etí omi, láìbẹ ẹnikẹ́ni pé kó sin òun.

Ohun kejì tó jẹ́ kí ìrìn àdárìn ṣeé ṣe ni kẹ̀kẹ́ onítáyà rọ́bà, igbó Ìjẹ̀bú kan náà sì wà lára ibi tí rọ́bà rẹ̀ ti jáde. Ní 1888, John Boyd Dunlop, dókítà ẹran kan ní Belfast, ṣe táyà oníafẹ́fẹ́ fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí kẹ̀kẹ́ fi gbòde ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wá rọ́bà káàkiri ayé. Igi ìrẹ́, tí oje rẹ̀ ń di rọ́bà, pọ̀ nínú igbó Ìjẹ̀bú àti Oǹdó. Ní 1894, rọ́bà tó ti Èkó lọ sókè òkun kò tó nǹkan. Ní 1895, ìwọ̀n rẹ̀ ti ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lọ. Àwọn tó ń kọ igi náà ní àdá kò jẹ́ kó sinmi. Wọ́n ń kọ ọ́ láti ìdí títí dé ibi tí ọwọ́ àti okùn lè dé, bí oje bá tán lára rẹ̀ wọn a bọ́ sórí òmíràn. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ìrẹ́ tó gbẹ lórí ìdúró kò lóǹkà, òwò náà sì dojú bolẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé oje ìrẹ́ wá sọ́jà má tíì fojú kan kẹ̀kẹ́ rí.

Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ dé lẹ́yìn náà, inú ṣọ́ọ̀bù àwọn ilé òwò òyìnbó bíi UAC, John Holt àti CFAO ni wọ́n sì ti ń rà á: Raleigh, Humber, Rudge, Hercules, BSA. Dúdú ni gbogbo wọn, irin wọn nípọn, kẹ̀kẹ́ kan lè wúwo tó kílò 20. Tíṣà ló ń gùn ún, àti káténkíìsì, akọ̀wé kóòtù, aránṣẹ́ ìjọba, ẹlẹ́mu, àti àwọn tó ń ra kòkó kiri abúlé. Ìjẹ̀bú-Igbó, láti Òkè-Ṣópẹ̀n dé Jàpárá, ìlú kòkó, obì àti gẹdú ni. Oko jìnnà sílé, ọkọ̀ akẹ́rù kì í sì í dé ibi tí ipa ẹsẹ̀ bá ti fún. Kẹ̀kẹ́ ológeere ń dé ibẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ náà rí i pé owó wà ńbẹ̀: láìsẹ́ǹsì di ọ̀ranyàn, irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n so mọ́ kẹ̀kẹ́ sì ni ẹ̀rí pé olówó rẹ̀ ti san án.

Ìgbà yìí ni ìmúra ìrìn-àjò kúrò lọ́dọ̀ ènìyàn, tó bọ́ sínú àpò kékeré ẹ̀yìn gàárì. Ẹni tó bá ń ti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Ìbàdàn lórí kẹ̀kẹ́ mọ̀ pé bí táyà bá jò láàárín igbó, òun nìkan ni alágbàṣe ara òun. Ohun tó wà nínú àpò náà kò pọ̀: sípánà kan tí ihò rẹ̀ gba oríṣiríṣi nọ́ọ̀tì, ṣíbí irin méjì tí wọ́n fi ń gbé etí táyà kúrò lára rímù, gọ́ọ̀mù, ègé tíúùbù àtijọ́, àti ohun ìha. Pọ́ọ̀mpù wà lára irin kẹ̀kẹ́. Omi odò tàbí ti inú agbè ni wọ́n ń ri tíúùbù sí kí ihò lè hó. Wọ́n á nù ún gbẹ, wọ́n á ha ojú ibẹ̀ títí yóò fi pàdánù dídán, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù pa á àti ègé tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á wá dúró. Ìdúró yẹn ló ń ya ẹni tó mọṣẹ́ sọ́tọ̀ sí aláìmọ̀kan, nítorí gọ́ọ̀mù tí kò tíì gbẹ díẹ̀ kì í mú. Bí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀ tán, ọwọ́ gbọ́dọ̀ gba inú táyà kọjá kó wá ẹ̀gún tàbí ìṣó tó fa wàhálà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ ní ibùsọ̀ kejì.

Ìhà gúúsù ní ìṣòro tirẹ̀. Ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ogun Waterside lónìí, láti Àbígí àti Ìbíadé dé Ìwòpin, omi ló ń pàṣẹ. Ọ̀nà á lọ, á lọ, á sì já sí ọ̀sà, kẹ̀kẹ́ yóò bá wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ ní láti mọ ọjọ́ ọjà, nítorí ọjọ́ ọjà ni ọkọ̀ ń pọ̀. Igbó Ọmọ tún wà lọ́nà, igbó ọba tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní 1925, tó fẹ̀ ju 1,300 kìlómítà níbùú lóròó lọ, tí erin ṣì wà nínú rẹ̀ títí di òní. Kò sẹ́ni tó lọ́gbọ́n lórí tí í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ òun àti kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Abúlé ni wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ yà sí.

Àwọn kan fi irú ìmúra yìí dé ibi tó jìn gan-an. Kazimierz Nowak, ará Poland, fi kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀, ẹṣin àti ọkọ̀ ojú omi la Áfíríkà já ní àlọ àti àbọ̀ láàárín 1931 àti 1936, ó ń ta fọ́tò àti ìròyìn fún àwọn oníwèé ìròyìn kó lè rówó jẹun. Àwa náà ní tiwa. Ọlábísí Àjàlá, ẹni tí Ebenezer Obey kọrin nípa rẹ̀, jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Chicago ní 1952 nígbà tó gun kẹ̀kẹ́ láti ibẹ̀ lọ sí Los Angeles, ìrìn nǹkan bíi 2,280 máìlì. Aṣọ ilẹ̀ wa ló wọ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe: ó fẹ́ kí àwọn ará Amẹ́ríkà rí ọmọ Áfíríkà lójúkojú, kí wọ́n bi í léèrè, kí ó dá wọn lóhùn. Agbádá lórí kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun ìrọ̀rùn, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ, ṣéènì sì lè gbá a mú. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tó dì mọ́ra, aṣọ yẹn ló ṣiṣẹ́ jù. Ìrìn rẹ̀ tó lókìkí jù lẹ́yìn náà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1957 tó sì di ìwé ní 1963, orí alùpùpù ló ti ṣe é.

Alùpùpù yẹn náà ló wá gba ọ̀nà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ nílé. Rọ́bà ti padà sí Ìjẹ̀bú lọ́nà tó dára jù ti 1895 lọ, nígbà tí Timothy Adéọlá Ọdútọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, dá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe táyà àti tíúùbù kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nílùú rẹ̀. Òun náà ló di ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ àwọn onílé-iṣẹ́ àmújáde ní Nàìjíríà ní 1971. Ṣùgbọ́n owó epo dé, ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ lọ sóko ra alùpùpù. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ògùn dé Àgọ́-Ìwòyè ní 1982, ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì wá mọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ dá gun kẹ̀kẹ́ láti Àgọ́-Ìwòyè lọ sí Àbígí lónìí ní fóònù tó ń fọ̀nà hàn án, ṣùgbọ́n fóònù kì í lẹ táyà. Tíúùbù tí yóò bá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mu ṣọ̀wọ́n lójú ọ̀nà, torí náà méjì ni kó dì mọ́ra. Kó yẹra fún oṣù tí òjò ń rọ̀ jù, nítorí ilẹ̀ pupa ibẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ bíréèkì títí kẹ̀kẹ́ kò fi ní yí mọ́. Ìjínigbé tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Ọ̀rẹ̀ ti tún dá ohun kan tó ti kásẹ̀ nílẹ̀ padà: ó di dandan kí ẹnì kan nílé mọ ibi tó wà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kó sì ti ní ojúlùmọ̀ ní ibi tí yóò sùn.

Àwọn baba tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nígbà náà ní Òkè-Àgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Orù, ní Ìbíadé, díẹ̀ ni wọ́n kù láyé. Ìwé ìtàn àwọn ìlú wọ̀nyí kún fún ọba àti ogun, kò sí orúkọ àwọn baba wọ̀nyí níbẹ̀. Yunifásítì wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ó sì ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ìtàn. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tọ̀ wọ́n lọ lọ́dún yìí, kí wọ́n bi wọ́n bí ọ̀nà Màmù ṣe rí nígbà òjò, èló ni wọ́n ń gbà lórí táyà kan, àti àwọn wo ló ń kọjá.