Téèpù Tí Wọ́n Fi Ń Wọn Apá Ọmọ: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀

Lọ́jà Akẹ̀sán, níwájú ààfin Aláàfin ní Ọ̀yọ́, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ sọ fún mi pé nọ́ọ̀sì kan wọn apá ọmọ òun, ó ní kò sí wàhálà. Lọ́sẹ̀ kejì, nọ́ọ̀sì mìíràn nílé ìwòsàn kan náà wọ̀n ọ́n, ó ní ọmọ ò jẹun re kánú. "Bọ̀dá, èwo ni kí n gbà gbọ́?" Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n kọ èyí.

MUAC ni wọ́n ń pe téèpù náà. Ọmọ oṣù mẹ́fà títí dé oṣù 59 ni wọ́n ń lò ó fún. Bí apá ò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, pupa nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti le. Láti 11.5 sí 12.4, yẹ́lò ni. 12.5 sókè, gíríìnì.

Ẹ wò ó, mìlímítà kan péré lè yí àwọ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan. Apá òsì ni wọ́n ń wọ̀n, ní àárín gbùngbùn èjìká àti ìgúnpá. Kí ọmọ sọ apá sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Téèpù ò gbọdọ̀ fún, kò sì gbọdọ̀ dẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ méjì bá wọ̀n ọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí iye wọn ò bára mu, kí wọ́n tún un wọ̀n.

Téèpù nìkan ò tó o. Kí wọ́n fi àtàńpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn tí kò tètè kún, omi ló wà nínú ẹran ara: àmì kwashiorkor nìyẹn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè wú, kí ará ilé máa rò pé ó sanra. Torí náà, gbogbo ọmọ ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe èyí tó rù nìkan.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Láàárín 1956 sí 1961, Dókítà David Morley ti Wesley Guild Hospital, Iléṣà, dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Káàdì ìdàgbàsókè tó ṣe, ọwọ́ ìyá ló ń wà. Ẹnikẹ́ni tó bá gba káàdì náà á rí ohun tí ẹni àná kọ.

Ohun tí mo sọ fún ìyá ẹlẹ́lùbọ́ náà nìyẹn: ẹ padà lọ, ẹ mú káàdì dání, ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe àwọ̀ nìkan.